Àwọ̀ Búlúù Tó Ṣẹ́kù Nínú Yìnyín

Fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹni tí kò bá rí i rí, tó kàn gbọ́ orúkọ yẹn, á rò pé obìnrin tín-ín-rín kan tí atẹ́gùn lè gbé lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fẹ́lẹ́ ga, ó sì sanra dáadáa, bó bá jókòó sórí àga inú láàbù, àga náà á ké. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn náà, kò sẹ́ni tó lè ré ẹran ara ènìyàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀.

Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Fìríìsà kan wà níbẹ̀ tó ga dé àyà, tó ní dígí lókè àti abẹ gbọọrọ kan nínú. Òtútù inú rẹ̀ le débi pé bí èèyàn bá gbàgbé ìka síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ìka náà á kú tipiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn ike aró wà ní títò, lẹ́yìn náà ni tábìlì kan tí maikirosikóòpù kékeré wà lórí rẹ̀, èyí tí Fẹ́lẹ́ fi ń wò ó bóyá aró mú dígí dáadáa. Ògiri kan ṣoṣo ló pa yàrá yìí àti yàrá iṣẹ́ abẹ Dókítà pọ̀, wọ́n sì ti dá fèrèsé kékeré sí i lára kí wọ́n lè máa na nǹkan síra wọn.

Dókítà yìí jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Jẹjẹrẹ awọ ara ló ń yọ. Jẹjẹrẹ awọ kì í ṣe ohun tí ojú lásán lè rí tán. Ohun tó hàn síta lè má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì ti rìn lábẹ́ awọ dé ibi tí ẹnì kan kò fọkàn sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí dókítà bá gé e kù, gbòǹgbò á ṣẹ́kù, á sì tún hù. Bó bá sì gé e jù, ó ti ba imú tàbí ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ lásán.

Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni Dókítà ń gé e. Á kọ́kọ́ bu ibi tó hàn jáde bí ẹní fi ṣíbí bu nǹkan. Á fi yíǹkì kun etí rẹ̀, pupa lápá kan, búlúù lápá kejì, á sì ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, kí ó lè mọ ibi tí etí kọ̀ọ̀kan kọjú sí lára aláìsàn. Fẹ́lẹ́ á gbà á lójú fèrèsé. Á tẹ́ ẹ títí gbogbo etí rẹ̀ yíká àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi dọ́gba, á da gọ́ọ̀mù lé e, gọ́ọ̀mù náà á dì gbagidi bíi yìnyín nínú fìríìsà, lẹ́yìn náà ni yóò fi abẹ ré e láti ìsàlẹ̀, ní ìpele-ìpele tí awọ inú àlùbọ́sà pàápàá nípọn jù wọ́n lọ. Á lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, á rẹ dígí náà sínú aró, Dókítà á sì wá gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù ńlá tó wà ní igun láàbù. Bí jẹjẹrẹ bá hàn ní etí, a jẹ́ pé ó ṣẹ́kù lára aláìsàn, igun tó bá sì wà nìkan ni Dókítà máa padà lọ gé. Bí etí bá mọ́ yíká, iṣẹ́ parí. Ní gbogbo àsìkò yìí, aláìsàn á wà lórí ìjókòó pẹ̀lú báńdéèjì lójú egbò, á máa retí.

Ọdún mọ́kànlá ni Fẹ́lẹ́ ti ń ré ẹran ara ní láàbù mìíràn kó tó di pé wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ Dókítà. Oṣù mẹ́jọ péré ló ṣì lò níbí, wọn ò sì tíì fún un ní ìwé pé ó ti di ọmọ iṣẹ́ tòótọ́ ní ẹ̀ka náà. Ó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ré e, kò mọ̀ ọ́n kà. “Gígé ni tèmi, kíkà ni ti Dókítà,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn, kò sì bà á nínú jẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni Bíríkìlà dé. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ohun tó sì ní kí wọ́n máa pe òun náà nìyẹn. Bàbá tó lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún ni, àfín ni, ó sì ti fi ogójì ọdún mọlé onílé lábẹ́ oòrùn. Oòrùn ọ̀hún kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Apá rẹ̀ rí kíríkírí, bèbè etí ọ̀tún rẹ̀ ti dín níbi tí wọ́n ti yọ nǹkan kúrò nígbà kan rí. Èyí tó gbé e wá lọ́tẹ̀ yìí wà láàárín imú àti ojú òsì, egbò kékeré kan tó ń jinná, tó tún ń là, láti ọdún méjì.

Ìyàwó rẹ̀ ló wọ́ ọ wá. “Ó ní èékánná ló ha òun,” obìnrin náà sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó jókòó tán. “Ọdún méjì! Irú èékánná wo nìyẹn, ti ẹkùn?”

“Ẹ dákun, ẹ má dá a lóhùn,” Bíríkìlà ní. “Ẹjọ́ mi ló ń rò láti ilé.”

Dókítà fi ìka kan egbò náà jẹ́jẹ́, ó yí orí bàbá náà sí ìmọ́lẹ̀, ó sì fa àga sún mọ́ ọn.

“Bàbá, ibi tó wà yìí ò dáa. Ó sún mọ́ ihò tí omijé ń gbà. Bí mo bá gé e jù, ojú yìí lè má pa dé mọ́. Bí mo bá gé e kù, á padà wá, inú ojú gan-an ló sì máa gbà lọ.”

“Kí wá ni ṣíṣe?”

“Díẹ̀díẹ̀ la máa mú un. Màá gé, a óò wò ó, bó bá ṣẹ́kù màá tún gé. Ó lè gbà wá di ọ̀sán. Ẹ ṣáà ní sùúrù.”

“Sùúrù kẹ̀?” Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. “Èmi tí mo máa ń jókòó ti kọ́ńkéré títí á fi gbẹ.”

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, Dókítà sì bu ẹ̀kínní jáde. Kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Fẹ́lẹ́ gbà á lójú fèrèsé, ó tẹ́ ẹ, ó dì í, ó ré e. Nígbà tí dígí jáde nínú aró, ó gbé e fún Dókítà, ó sì fẹ́ padà sí àyè rẹ̀.

“Fẹ́lẹ́,” Dókítà pè é, láì gbójú sókè. “Wá wo nǹkan.”

Maikirosikóòpù ńlá náà ní ibi ìwò méjì, kí ẹni méjì lè jọ wo ohun kan náà. Láti oṣù mẹ́jọ, Fẹ́lẹ́ kò tíì fi ojú kan ibi ìwò kejì rí. Ó nu ọwọ́ lára ẹ̀wù, ó fa àga, ó sì tẹrí ba.

Òun náà ti máa ń rí nǹkan nínú tirẹ̀ kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀wé ṣe ń rí lẹ́tà ni. Lọ́jọ́ yìí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń kà á fún un. Pápá pupa rẹ́súrẹ́sú kan tẹ́ lọ rẹrẹ, ó gba gbogbo ojú rẹ̀. “Awọ nìyẹn,” Dókítà ní, “apá ìsàlẹ̀ tó gbé òkè ró. Òrùka tó o rí yẹn, ìdí irun ni. Ibẹ̀ yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀.” Nínú iṣan náà, Fẹ́lẹ́ rí àwọn kóró pupa tó tò tẹ̀lé ara wọn, ó sì wá yé e pé ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ bàbá tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lẹ́yìn ògiri, tó dúró lójú kan níbi tí òtútù ti bá a. Dókítà yí dígí náà díẹ̀. Pápá pupa náà lọ, lọ, ó sì dé ibì kan tí nǹkan yí padà bìrí.

Ìṣùpọ̀ elésè àlùkò ni, bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Inú wọn kún fún sẹ́ẹ̀lì tó fún mọ́ra, ṣùgbọ́n létí ìṣùpọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tò gbọọrọ-gbọọrọ, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kanra bí igi ọgbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àlàfo funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí wọn po bí odò ṣe ń yí erékùṣù ká. Ọ̀kan nínú wọn ti fara kan yíǹkì búlúù.

Fẹ́lẹ́ ò mọ̀gbà tó sọ ọ́ jáde. “Dókítà, ó lẹ́wà.”

Ẹ̀rù bà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ti sọ̀sọkúsọ.

“Ó lẹ́wà,” Dókítà ní. “Ọgbọ̀n ọdún rèé, ohun tó ń já mi láyà jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.” Ó mú gègé, ó fi pupa sàmì sí igun kan lórí àwòrán. “Ọ̀nà ojú ló ń lọ. Màá padà sí i.”

Ẹ̀kejì tí Dókítà gé kéré gan-an, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ré sílẹ̀ lọ. Irú èyí ló máa ń yọ Fẹ́lẹ́ lẹ́nu jù, nítorí bí ẹ̀mú bá kàn án ní ìkànkúkàn, á ká. Ó mú un sún mọ́ iná. Ó tẹ́ ẹ, ó fi orí búrọ́ọ̀ṣì tẹ etí rẹ̀, ó da gọ́ọ̀mù lé e. Ó ré e, ó pa á láró, ó gbé e fún Dókítà.

Dókítà wò ó. Nọ́ọ̀sì gbọ́ tó ní, “Ó mọ́.” Nọ́ọ̀sì lọ sọ fún wọn níwájú, ìyàwó Bíríkìlà sì figbe ayọ̀ ta tí gbogbo ilé gbọ́. Ó ní Ọlọ́run ò kúkú sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé bàbá wọn ti bọ́. Bíríkìlà ní, “Ṣebí mo sọ fún ẹ pé èékánná ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dókítà tún ọwọ́ fọ̀, ó ní kí wọ́n gbé òwú tí wọ́n fi ń rán egbò wá.

Fẹ́lẹ́ ń to dígí sínú àpótí. Àṣà rẹ̀ ni láti gbé dígí tó gbẹ̀yìn sábẹ́ maikirosikóòpù kékeré kó tó kọ nọ́ńbà sí i, kó lè mọ̀ bóyá aró òun ṣì lágbára. Aró dára. Ó fẹ́ gbé e kúrò, ojú rẹ̀ sì ṣàdédé dúró sórí yíǹkì. Lórí ìwé, Dókítà fi búlúù fa ìlà láti igun kan dé èkejì, láìgé. Lórí dígí, ìlà búlúù náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó rìn, ó já, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tó já kò gùn ju ẹsẹ̀ kòkòrò lọ. Ipele mẹ́ta ló wà lórí dígí náà. Ó wo ìkejì: ó já níbẹ̀. Ó wo ìkẹta: ibẹ̀ náà ló já.

Kò ronú kó tó ṣí fìríìsà. Òkìtì gọ́ọ̀mù tó ti ré tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó funfun bíi wàrà. Ó gbé gíláàsì amú-nǹkan-tóbi lé ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú funfun náà lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀ ibi tí abẹ rẹ̀ dúró sí, àmì búlúù kan ń wò ó bí ojú abẹ́rẹ́.

Etí náà ti ká. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ti ká. Apá ibẹ̀ kò dé orí dígí rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló kọjú sí ojú bàbá náà.

Ó gbọ́ ohùn ìyàwó Bíríkìlà lẹ́yìn ògiri, tó ń ṣàdúrà fún Dókítà, fún nọ́ọ̀sì, fún “gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án.” Ọkàn rẹ̀ kan sọ fún un pé: àgbà ti wò ó, ó ní ó mọ́, ta ni ìwọ? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ni kó wá tako ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà? Bó bá sì sọ ọ́, àṣìṣe ta ni wọ́n máa kọ sílẹ̀? Ìwé tó ń retí láti oṣù mẹ́jọ ńkọ́? Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí fìríìsà, bóyá bí ìgbà téèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló jáde, kò gba ojú fèrèsé, ó gba ẹnu ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́ àti òwú ti wà lọ́wọ́ Dókítà.

“Dókítà, ẹ dákun, mà. Ẹ má tíì rán an.”

Ìyàwó Bíríkìlà dá àdúrà rẹ̀ dúró láàárín.

“Kí ló dé?” Dókítà bi í.

“Àṣìṣe ọwọ́ mi ni, mà. Etí kan ká nígbà tí mo tẹ́ ẹ. Kò hàn lórí dígí. Ó ṣì wà nínú fìríìsà.”

Dókítà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò, ó ní kí nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì bo egbò náà padà, ó sì tẹ̀lé Fẹ́lẹ́. Ó jókòó sídìí maikirosikóòpù ńlá, ó gbé dígí náà sábẹ́ rẹ̀, ó fi ojú rìn yí etí rẹ̀ ká. Ó dé ibi tó já, ó dúró.

“Mo ka ohun tó wà níbẹ̀,” ó ní pẹ̀lẹ́. “Mi ò ka ohun tí kò sí níbẹ̀.” Ó gbójú sókè. “Ṣé o lè ré ìyókù?”

“Ó kéré, mà. Bí abẹ bá kọjá rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Ṣe é.”

Fẹ́lẹ́ padà sídìí fìríìsà. Nínú gbogbo ọdún tó ti ń ré ẹran ara, kò tíì yí ọwọ́ tó ń darí abẹ bó ṣe yí i lọ́jọ́ náà. Ó ré ipele kan, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbà á bí ẹní gba labalábá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí: búlúù ò sí. Ó ré èkejì: òfo. Nígbà tí ó ré ẹ̀kẹta, àmì kan yọ bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ní ẹ̀kẹrin ó gùn díẹ̀. Ní ìkarùn-ún, ìlà búlúù náà yọ délẹ̀délẹ̀, odidi, ó gba ibi tí àlàfo ti wà tẹ́lẹ̀ kọjá. Fẹ́lẹ́ mí, èémí rẹ̀ sì di kùrukùru lórí dígí fìríìsà.

Ó pa á láró. Wọ́n jókòó, àwọn méjèèjì, ojú mẹ́rin lórí ohun kan ṣoṣo. Pápá pupa náà tún tẹ́ lọ rẹrẹ. Dókítà ń rọra yí i lọ. Pupa, pupa, ìdí irun kan, pupa. Lẹ́yìn náà ni ìṣùpọ̀ kan ṣoṣo yọ lẹ́bàá búlúù. Kò ju ogún sẹ́ẹ̀lì lọ. Kékeré ni, ó tò létòlétò, ó dá dúró nínú gbogbo pápá yẹn bí àgọ́ tí ẹnì kan pa síbi tí ọ̀nà ò dé.

“Òun rèé,” Dókítà ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ wo nǹkan kíún tó fẹ́ jẹ ojú odidi ènìyàn.”

Fẹ́lẹ́ ronú nípa bàbá náà, egungun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó tóbi, gbogbo ilé tó ti mọ, àwọn ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ń dárúkọ wọn, gbogbo rẹ̀ tó rọ̀ mọ́ ogún kóró tí èémí àìmọ̀ọ́mọ̀ lè fẹ́ dànù. Ó fẹ́ gbójú kúrò níbẹ̀, kò lè gbójú kúrò níbẹ̀.

Dókítà padà gé ẹ̀kẹta, ó kéré ju ẹ̀kejì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ, ó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ gíláàsì kó tó da gọ́ọ̀mù lé e, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó dì. Nígbà tí dígí náà délẹ̀, Dókítà ní, “Ìwọ ni kó o máa sọ yíǹkì fún mi. Má fo ibì kankan.”

“Pupa,” Fẹ́lẹ́ ní. “Ó ṣì ń lọ. Ó ṣì ń lọ. Pupa parí, búlúù bẹ̀rẹ̀. Búlúù. Búlúù. Kò já, mà. Búlúù. Ó ti padé pupa.”

“Ó ti yí ká?”

“Ó ti yí ká.”

“Kí lo rí nínú rẹ̀?”

“Awọ. Ìdí irun méjì. Mi ò rí nǹkan mìíràn, mà.”

“Èmi náà ò rí nǹkan mìíràn,” Dókítà ní.

Dókítà lọ bá wọn, kò sì fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní òun ti kọ́kọ́ sọ pé ó mọ́, kò mọ́. Ó ti wá mọ́ báyìí. Ìyàwó Bíríkìlà dìde dúró. Ayọ̀ ti kúrò lójú rẹ̀.

“Ká ní ẹni yẹn ò sọ̀rọ̀ ńkọ́, Dókítà?”

“Ká ní kò sọ̀rọ̀, mo ti rán an nìyẹn. Ẹ̀ bá ti lọ sílé, ẹ̀ bá sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Obìnrin náà jókòó padà. Bíríkìlà ló la ẹnu.

“Mo fẹ́ rí i,” ó ní.

“Rí kí ni?” ìyàwó rẹ̀ bi í. “Ẹ̀yin tí ẹ ò rí bọ́ọ̀sì títí á fi gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá!”

Òótọ́ ló sọ. Láti kékeré ni ojú Bíríkìlà kì í ríran jìnnà, gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀pọ̀ àfín. Kò rí ewé lórí igi rí, àfi èyí tó bá já bọ́ tó sì mú un sún mọ́ imú. Ọwọ́ ló fi ń mọ̀ bóyá ògiri gún. Ṣùgbọ́n Dókítà ní kó wá. Wọ́n di báńdéèjì mọ́ ojú òsì rẹ̀ dáadáa, nọ́ọ̀sì àti Fẹ́lẹ́ dì í mú lápá, wọ́n mú un jókòó sídìí maikirosikóòpù ńlá. Ó fi ojú ọ̀tún lé e. Dókítà ń yí nǹkan kan díẹ̀díẹ̀, ó ń bi í, “Báyìí ńkọ́? Báyìí?”

“Kùrukùru ni. Kùrukùru. Ó ku díẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló pariwo, “Háà!”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ṣé ẹ rí i?” Bíríkìlà gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́.

“Kò sí ohun tó mọ́ sí mi lójú báyìí rí láyé mi,” ó ní nígbà tó yá. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ẹ̀yin tí ojú yín dá, ṣé bí gbogbo nǹkan ṣe ń rí sí yín nìyí?”

Dókítà rọra yí dígí náà díẹ̀ sí i.

“Ṣé ara tèmi ni?”

“Ara yín ni,” Dókítà ní.

“Àwọn èyí tó ṣù jọ yìí ńkọ́?”

“Òun nìyẹn.”

Bíríkìlà wò ó títí. “Ẹ wo bó ṣe to búlọ́ọ̀kù,” ó ní. “Kò sí okùn, kò sí ìwọ̀n, ó sì gún. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?” Ó mi orí. “Olè tó mọṣẹ́ báyìí!”

Dókítà yọ dígí àkọ́kọ́ yẹn, ó fi ẹ̀kẹta rọ́pò rẹ̀. “Ẹ wá a nínú èyí.”

Bàbá náà wá a. Dókítà ń yí i lọ lábẹ́ ojú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun, bí ẹní ń mú àlejò rìn yí ilẹ̀ ká. Ó gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á bèèrè pé, “Èyí ńkọ́?” Dókítà á ní, “Ìdí irun ni, tiyín ni.” Nígbà tí wọ́n yí i ká tán, ó ní kí wọ́n tún yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Kò sí,” ó ní.

“Kò sí.”

“Èmi nìkan ló kù níbẹ̀.”

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìyàwó rẹ̀ sáré dì í mú, òun náà ń sunkún, ó sì ń bú u pé kí ló ń sunkún sí nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dára. Dókítà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí báńdéèjì mi rin.” Ẹkún wọn wá di ẹ̀rín.

Kí wọ́n tó mú un padà lọ rán egbò rẹ̀, Bíríkìlà bèèrè ẹni tó rí i pé etí ká. Wọ́n nawọ́ sí Fẹ́lẹ́. Ó fà á mọ́ra títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀, bó ṣe máa ń wo ohun gbogbo.

“Ẹ má bínú sí mi, bàbá,” Fẹ́lẹ́ ní. “Èmi náà ni mo ká a.”

“Ọmọ mi, gbọ́. Mo ti mọ ògiri kan rí, ó ti ga dé fèrèsé, onílé ti wò ó, ó ti yìn mí. Ọwọ́ mi sọ fún mi pé ìpìlẹ̀ kò gún lápá kan. Èmi nìkan ló mọ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, lẹ́yìn náà ni mo mú òòlù, mo wó o.” Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. “Onílé yẹn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé inú ilé náà.”

Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bá a wí. Wọ́n mú un wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fẹ́lẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣìṣe náà sínú ìwé iṣẹ́: àkókò, nọ́ńbà dígí, ohun tó ṣẹlẹ̀. Dókítà kà á, ó mú gègé, ó sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ pé òun náà fojú fò ó. Ó bu ọwọ́ lù ú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó dé, ó ti gbé àga kejì sídìí maikirosikóòpù ńlá, ó sì ti kó dígí àtijọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní lẹ́tà.

Nígbà tí Fẹ́lẹ́ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, gbogbo ìjókòó ti kún. Ó dúró, ó dì mọ́ irin. Obìnrin kan jókòó níwájú rẹ̀ tí oorun ń kùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lára fèrèsé. Ọkùnrin kan ń họ ọrùn. Fẹ́lẹ́ ń wo awọ wọn, awọ lásán tó ti ń wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó sì rí pápá pupa tó tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ rẹ̀, àwọn òrùka, àwọn kóró ẹ̀jẹ̀ tó ń rìn tẹ̀lé ara wọn láìdúró, láìsí ẹnì kan tó pàṣẹ fún wọn. Gbogbo bọ́ọ̀sì náà kún fún un. Ó ti fi ibùdókọ̀ méjì kọjá ibi tó yẹ kó sọ̀ kó tó rántí ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni Bíríkìlà padà wá fún yíyọ òwú. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣì ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Dókítà yọ òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó nu ojú ibẹ̀, ó sì ní kí bàbá náà di ojú. Ìpénpéjú òsì rọra sọ̀ kalẹ̀, ó bá èyí tó wà nísàlẹ̀ pàdé, kò ku àlàfo kankan. Fẹ́lẹ́ ti wá dúró sí ojú fèrèsé kékeré náà.

“Ẹ là á,” Dókítà ní.

Ó là á.

“Ẹ tún dì í.”

Bíríkìlà dì í, ó là á, ó dì í, ó là á. Nígbà tí wọ́n ní ó ti tó, ó kọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.